Ìkọ̀gòsì nìkan, àbí kí a sun Òkèmẹ̀sí? Ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta (àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà) àti màmá mi tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, a fẹ́ wá lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ yín nínú oṣù kẹjọ. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti ń sun, àti Àrìnta, níbi tí omi ti ń já láti orí òkúta. Ṣùgbọ́n màmá ní Òkèmẹ̀sí lòun fẹ́ dé, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, òun sì wo eré rẹ̀ nígbà tóun wà lọ́mọdé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ fi epo ṣòfò, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé gbọ̀ngàn eré wà níbẹ̀? Ibo ni ká sùn sí?

* * *

Ẹ káàbọ̀. Ọmọ Aramọkọ ni mí, Òkèmẹ̀sí nilé ọkọ mi, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Ojú ọ̀nà tí ẹ ń bèèrè yìí ni mo máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi gbà, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má wá gbọ̀ngàn eré tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà wá sí Òkèmẹ̀sí. Lórí èyí, ọ̀rẹ́ yín kò parọ́. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó rò pé ibi tí kò bá sí gbọ̀ngàn, eré kò sí níbẹ̀. Eré alárìnkiri ni eré Ògúnmọ́lá. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń kó aṣọ, ìlù, aṣọ ìkélé àti àwọn òṣèré láti ìlú dé ìlú. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á ya gbọ̀ngàn ìlú tàbí ọgbà ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á lù ú káàkiri àdúgbò pé eré wà lálẹ́. Nígbà tó bá máa fi di ọ̀la, ọkọ̀ ti gbéra. Ẹni tó bá wá gbọ̀ngàn rẹ̀ lónìí, ohun tí kò fi ìgbà kan wà ló ń wá.

Kí wá ló kù ní Òkèmẹ̀sí? Àwọn èèyàn tó wò ó ló kù, ilẹ̀ tó bí i ló kù, àwọn òkè tó yí ìlú ká náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá dé ibẹ̀. Ẹ má bá wọn jiyàn rárá lórí èyí.

* * *

Ẹnìkan ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọmọ Òṣogbo ni Ògúnmọ́lá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ohun tó fà á. Òṣogbo ló fi ṣe ibùdó nígbà tó yá, Dúró Ládiípọ̀, òṣèré bíi tirẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Òṣogbo gan-an, sì wà níbẹ̀ lákòókò kan náà, ni àwọn èèyàn bá da àwọn méjèèjì pọ̀. Òkèmẹ̀sí ni wọ́n ti bí Ògúnmọ́lá ní 1925. Tíṣà ni, kó tó di pé eré gbà á lọ́wọ́ pátápátá. Ní 1947 ló dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1962, Yunifásítì Ìbàdàn gbà á sọ́dọ̀ fún oṣù mélòó kan níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa eré, ibẹ̀ ló ti ṣe *Lánkẹ́ Ọ̀mu*, èyí tó yọ láti inú ìwé Amos Tutùọlá nípa ọ̀mùtí tó tọ adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Demas Nwoko ló ṣe ọ̀ṣọ́ ojú ìtàgé eré náà. Ní 1969, wọ́n gbé e lọ sí Àlùjíà, níbi àjọ̀dún àṣà ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1973 ó kú, kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún.

Mo kọ gbogbo èyí torí àwọn ọmọ mẹ́ta tí ẹ ń mú bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ta ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Ọmọbìnrin kan péré ló nawọ́, torí pé ìyá àgbà rẹ̀ ti sọ fún un. Ó dùn mí dé egungun. Bẹ́ẹ̀ ìlú rẹ̀ kò jìnnà sí wa: láti Aramọkọ sí Òkèmẹ̀sí, ọ̀kadà lè gbé èèyàn débẹ̀.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ máa sùn sí, torí ibẹ̀ ni ìjà pọ̀ sí jù.

Àwọn kan á ní kí ẹ sùn sí Adó torí pé hòtẹ́ẹ̀lì pọ̀ níbẹ̀, iná sì ṣeé gbára lé díẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ sun Ìkọ̀gòsì lálẹ́ méjèèjì kí ẹ má kúrò níbẹ̀. Èmi kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì fún ẹbí yín.

Tí ẹ bá sùn sí Adó, àràárọ̀ lẹ máa máa wà lójú ọ̀nà. Láti Adó dé Ìkọ̀gòsì, a gba Ìgèdè, a gba Aramọkọ, a gba Erìjìyàn. Wákàtí kan ó lé ló máa ń gbà wá, ẹ tún máa padà. Orúnkún màmá kò ní gbádùn kí wọ́n máa jókòó sínú mọ́tò lọ bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe nìyí. Ọjọ́ kìíní, ẹ gbéra n'Íbàdàn ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ gba Ifẹ̀, ẹ gba Ilésà, ẹ gun òkè Ẹ̀fọ̀n, tí ẹ bá dé oríta Ìtàwúrẹ́, ẹ yà sí ọ̀nà Òkèmẹ̀sí. Ẹ máa dé kí oòrùn tó kan àtàrí tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yẹ̀. Ẹ sùn síbẹ̀. Ilé àlejò kò pọ̀ ní Òkèmẹ̀sí, nítorí náà ẹ pe ẹni tó bá mọ̀ ọ́n níwájú, kí ẹ bèèrè nípa omi àti jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó sanwó. Tí kò bá sáyè, ẹ sùn sí Ẹ̀fọ̀n, kò jìnnà. Ọjọ́ kejì, ẹ bọ́ sí Ìkọ̀gòsì, kí ẹ sun ọgbà ìgbafẹ́ tó wà nídìí omi. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le á lọ sí Àrìnta ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀, màmá á ti ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Kí aago méjìlá tó lù, ẹ ti ń darí sílé.

Ẹ má rìn lálẹ́ o. Mo ń sọ ọ́ bí ìyá. Ọ̀nà wọ̀nyẹn gba inú igbó àti ẹgbẹ́ òkè, a kì í fi òru dán an wò láyé tí a wà yìí. Tó bá ti kọjá aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí ẹ kò tíì dé ibi tí ẹ ń lọ, ìlú tó bá kàn yín ni kí ẹ sùn sí.

* * *

Arákùnrin tó kọ̀wé láti Ilésà ní kí n má fi ọmọ ìyá ẹni pamọ́, pé omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ju Àrìnta lọ, ojú ọ̀nà ló sì wà.

Ẹ̀gbọ́n, òtítọ́ lẹ sọ, Olúmirin lẹ́wà. Ìpele méje ni omi yẹn fi ń já, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló sì ni ín, a kò bá yín jà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń bèèrè. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, ọkọ̀ kan, ọjọ́ kan. Tí wọ́n bá yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, àwọn ọmọ kò ní fẹ́ kúrò nínú omi. Aago mẹ́rin á lù wọ́n lórí níbẹ̀, wọn á wá máa sáré wọ Òkèmẹ̀sí nígbà tí àwọn àgbà tó yẹ kí màmá bá sọ̀rọ̀ ti ń wọlé sùn. Kí wọ́n fi Olúmirin sí ìpadàbọ̀, tí agbára bá kù.

Lórí èwo ló dára jù, èmi kò gbà pé a lè fi wọ́n wéra. Igbó ṣíji bo Àrìnta, omi ń já lórí òkúta láàárín igi ńláńlá, àwọn tó ń wá kì í sì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lè dúró síbẹ̀ kí ẹ má gbọ́ ohùn ẹ̀dá kan yàtọ̀ sí ti omi. Ìyẹn ló mú mi lọ́kàn.

* * *

Ọ̀rọ̀ Àrìnta nínú oṣù kẹjọ: omi á pọ̀, òkúta á sì máa yọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọ sílípáàsì lọ. Bàtà kánfáàsì tàbí sáńdà onírọ́bà tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ni. Ẹ mú ọmọ ìlú kan dání tó mọ ọ̀nà, kí ẹ sì jọ dá iye rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Mo ti rí àwọn èèyàn tí wọ́n bá ọmọ yẹn jiyàn lórí owó lẹ́yìn tó ti gbé ọmọ wọn kọjá òkúta lẹ́yìn. Kò dára. Ọmọ ìlú tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń yọ̀ sí tó owó rẹ̀.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, bí oṣù kejì, omi Àrìnta máa ń fà sẹ́yìn, òkúta gbẹ, gígùn rẹ̀ sì rọrùn. Ti Ìkọ̀gòsì kò nání òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn.

* * *

Ẹnìkan bèèrè pé ṣé òótọ́ ni pé a lè fi omi Ìkọ̀gòsì se ẹyin.

Rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti ti ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi yẹn ti ń sun jáde, ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lójú mi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí omi tí a fẹ́ fi wẹ ọmọ ìkókó. Ara tù èèyàn níbẹ̀, kò bó ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń sọ pé ó ń hó ló ń jẹ́ kí àlejò dé, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n ní "ṣé èyí náà ni?" kí wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú ìjákulẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ohun ìyanu gan-an wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí wọn kò wò.

Ohun ìyanu náà ni pé omi méjì ló ń sun níbẹ̀, ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìkejì tutù, wọ́n sì ṣàn wá pàdé. Ẹ lọ dúró níbi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, ẹ ti ẹsẹ̀ òsì bọ ìkejì. Ẹ dijú. Ẹsẹ̀ kan á máa sọ fún yín pé ìrọ̀lẹ́ oṣù kẹta nìyí, ìkejì á ní ọyẹ́ ti dé.

Kì í sì í ṣe òkè oníná ló ń gbóná sábẹ́ Èkìtì bí ẹnìkan ṣe kọ ọ́. Òjò ló ń wọ inú ìlà àti ìfọ́ àwọn òkúta tó para pọ̀ di òkè Ẹ̀fọ̀n àti Ìkọ̀gòsì, ó ń lọ jìn nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí ooru wà, ó wá ń gba ọ̀nà mìíràn tún sun jáde lẹ́sẹ̀ òkè. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn.

* * *

Wọ́n tún ní kí n sọ ìtàn ìyàwó méjì tó di omi Ìkọ̀gòsì. Ìtàn náà nìyí ní ṣókí: ọkùnrin kan ní ìyàwó méjì, ọ̀kan gbóná bí ata, ìkejì tutù bí omi àmù. Wọ́n jà, wọ́n sì di omi. Ọkọ wọn di òkè tó dúró lórí wọn. Àwọn kan nínú ìlú a máa sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, àwọn míì sì ní ọdẹ ló kọ́kọ́ rí omi náà. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ gbọ́ tẹnu ẹni tó wà níwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Lọ́dún kan, mo kó àwọn ọmọ mi lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń mú wa kiri sọ ìtàn yìí wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún. Nígbà tó parí, mo ní kí àwọn ọmọ ṣe é fún mi. Kò sí aṣọ eré, kò sí ìlù. Ọmọkùnrin kan gun orí òkúta, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó di òkè. Àwọn ọmọbìnrin méjì bọ́ bàtà. Èyí tó ṣe ìyàwó oníbìínú dúró sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó ká yẹ̀rì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kò ọ̀rọ̀. Orogún rẹ̀ wà nínú omi tútù, kò dáhùn. Ó kàn ń bu omi sọ́wọ́, ó ń dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tún ń bu òmíràn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹnìkejì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló mú kí gbogbo wa dákẹ́. Àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò lókè sọ fóònù kalẹ̀, wọ́n wá ń wò. Nígbà tí oníbìínú kò rí èsì, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, títí tó fi jókòó sínú omi pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn.

Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Èyí ni mo ń tọ́ka sí nígbà tí mo ní eré kò kú lápá ibí yìí.

* * *

Ọ̀gá tó sọ pé eré orí ìtàgé ti kú, fíìmù ló kù, kí a má tan ara wa jẹ: mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Tẹlifíṣọ̀n wọlé, fíìmù dé, Hubert Ògúndé, àgbà òṣèré alárìnkiri, fúnra rẹ̀ bọ́ sídìí fíìmù ní ìparí àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn náà fídíò gbòde. Ọ̀nà òru náà di ewu, èèyàn kò sì fẹ́ jáde lálẹ́ lọ jókòó ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Gbogbo ìyẹn ló pa eré alárìnkiri lára.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé ọkọ̀ òṣèré rìn kì í ṣe ọkọ̀ náà. Ẹ lọ wo Òkèmẹ̀sí nígbà tí ọdún bá dé, kí ẹ wo bí egúngún ṣe ń yí padà lójú agbo, bí àwọn obìnrin ṣe ń gbe orin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lọ wo eégún Ẹpa ní apá àríwá Èkìtì, níbi tí ọkùnrin kan ti ń fi orí ru igi tí a gbẹ́ ère sí lórí, igi tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dọ́ alágbára nìkan fi lè fò pẹ̀lú rẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló bí Ògúnmọ́lá. Orin ìjọ ló tún kọ́ ọ lọ́nà kejì, bó ṣe kọ́ Ògúndé àti Ládiípọ̀.

* * *

Èyí tó kàn jẹ́ ìkìlọ̀ o. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ilé ìtura kan sọ fún wa pé eré ìbílẹ̀ wà lálẹ́ Sátidé, mo sì gbowó lọ́wọ́ òbí ogójì ọmọ nítorí rẹ̀. Nígbà tí a dé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá méjì àti ọkùnrin kan tó ń gbé orin sí i la bá. Wọn kò dá owó padà. Àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ń wo ojú mi.

Láti ọjọ́ yẹn, èmi fúnra mi ni mo ń lọ wá àwọn onílù. Àgbẹ̀ ni wọ́n, àwọn míì ń ta kòkó, àwọn míì ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́. Ẹ ránṣẹ́ ṣáájú ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jọ sọ iye rẹ̀, ẹ gbé nǹkan ìjẹun wá fún wọn, kí ẹ sì fún wọn lówó lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe lọ́wọ́ alágbàtà. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ yà kí àwọn àgbà láàfin. Ẹ kò ní pẹ́ níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ẹ wà nílùú, gbogbo ilẹ̀kùn á ṣí.

* * *

Ìyá tó kọ̀wé láti Ìkéré bínú pé mi ò dárúkọ Olósùnta. Ẹ má bínú, màmá. Òkè Olósùnta àti Òròòlé tó ọ̀nà tí èèyàn ń rìn, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà sì yẹ kó mọ̀ pé ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn ńlá yẹn sí, èyí tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn ńlá kan ní Wembley ní 1924 tó sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ṣùgbọ́n òdìkejì Adó ni Ìkéré wà. Ẹbí yìí kò lè fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe gbogbo Èkìtì. Kí wọ́n tún padà wá.

* * *

Ìbéèrè (ẹni àkọ́kọ́)

Ẹ ṣé gan-an, mà. Màmá mi ka gbogbo rẹ̀, wọ́n ní kí n béèrè pé ta ni àwọn máa bá sọ̀rọ̀ ní Òkèmẹ̀sí. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi owó gbà wọ́n lálejò bí òyìnbó. Àti pé kí ni ká jẹ?

* * *

Ẹ bá mi kí màmá púpọ̀púpọ̀.

Oúnjẹ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Iyán ni. Kì í ṣe iyán ìyẹ̀fun o, iyán tí ẹ máa gbọ́ ìró ọmọ odó rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Tí ẹ bá dé Òkèmẹ̀sí ní ọ̀sán, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń gún un lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ẹ dúró dè é. Oṣù kẹjọ ni iṣu tuntun ń jáde, inú yín á dùn. Bí ẹ bá fẹ́ ẹmu, òwúrọ̀ ni kí ẹ mu ún, nígbà tó ṣì dùn lẹ́nu. Ti ìrọ̀lẹ́ ti ń kan. Kò ní dára kí a wá sílé ẹni tó ṣe eré ọ̀mùtí kí a má tọ́ ọ wò.

Ní ti ẹni tí màmá máa bá sọ̀rọ̀: bàbá ọkọ mi wà láyé, wọ́n sì ti dàgbà púpọ̀. Wọ́n wo Ògúnmọ́lá nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́, lábẹ́ iná gáàsì. N óò sọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ.

Mo bi wọ́n pé kí ló tiẹ̀ wà nínú eré ọkùnrin yìí tí ẹnu yín kò fi kúrò lára rẹ̀. Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n mú ife ike kan lórí tábìlì, òfìfo, wọ́n yí i dorí kodò kí n lè rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n wá gbé e sẹ́nu. Mo rí gògóńgò wọn tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sọ ife kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè tó gbẹ, wọ́n wo inú ife bóyá ó kù. Wọ́n tún gbé e. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú wọn ti ń wálẹ̀, orí ń mì, mo sì búra pé mo ń gbóòórùn ẹmu nínú yàrá yẹn. Ìyá ọkọ mi tó ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ó tó, ẹ ti mu ún jù." Bàbá sọ ife náà kalẹ̀, wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n ní, "Báyìí ló ṣe ń ṣe é. Bí ó bá ti ń mu ún, ọ̀fun ń gbẹ gbogbo wa."

Ìgbà yẹn, Ògúnmọ́lá ti kú fún ohun tó lé lógún ọdún. Ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò bí bàbá ṣe ṣe é. Inú ọ̀fun bàbá ọkọ mi ló wà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn èèyàn jà nígbà tí wọ́n bá ní kò sí nǹkan kan ní Òkèmẹ̀sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ń dàgbà, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì wá ní ọdún tó ń bọ̀ lè má bá wọn mọ́.

Bàbá kò ní gbowó lọ́wọ́ màmá. Kí wọ́n kàn mú obì dání, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ eré tí àwọn náà wò, ìlú tí wọ́n ti wò ó, orin tí wọ́n ṣì rántí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yẹn fi fóònù gba ohùn wọn, kí ẹ bèèrè àṣẹ ṣáájú.

* * *

Mo rí i pé ẹnìkan bèèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ ogun Kírìjì kò tún ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Òkèmẹ̀sí. Ó ní, gidi gan-an. Ìmẹ̀sí Ìgbódó ni ìlú yìí ń jẹ́ nígbà náà, ọmọ ibẹ̀ ni Fábùnmi tó kọ ìyà àwọn ajẹ́lẹ̀, àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú, ogun tó sì tẹ̀lé e ń jà títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Ìbàdàn ni ẹ ti ń bọ̀, nítorí náà àwọn àgbà á fi yín ṣe ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ lórí èyí. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ jẹ iyán yín.

* * *

Ọ̀rọ̀ tó kù jẹ́ ti mọ́tò. Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ń gùn, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi jíà kékeré wa ọkọ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí tí òórùn bíréèkì gba inú bọ́ọ̀sì kan tí ọmọ méjìdínlógún wà nínú rẹ̀. A dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún bí ogójì ìṣẹ́jú kí irin tó tutù. Lọ́wọ́ àárọ̀ nínú òjò, ìkùukùu a máa bo òkè yẹn débi pé ẹ kò ní rí ọkọ̀ tó wà níwájú. Ẹ tan iná, ẹ rọra.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì a máa lọ a máa bọ̀ láàárín Erìjìyàn sí Ìpólé. Ẹ mú owó náírà dání, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ ìsanwó.

Ẹ kọ̀wé síbí yìí nígbà tí ẹ bá ti mú ọjọ́. N óò sọ fún bàbá pé kí wọ́n má lọ sóko lọ́jọ́ náà, kí ìyá ọkọ mi sì rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, torí kì í ṣe gbogbo ọmọ Ìbàdàn ló mọ iyán jẹ.